Fèrèsé Àtijọ́ àti Fèrèsé Onígíláàsì Méjì

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni fèrèsé, pàápàá fèrèsé onígíláàsì méjì tí àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ìlú Òyìnbó fi ń pààrọ̀ fèrèsé àtijọ́ ilé wọn. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan yóò béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ọdọọdún ni a ń ka àpilẹ̀kọ lórí oríkì, lórí ìjálá, lórí ohùn àti lórí àrànmọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, inú wa sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n èdè tí a kò bá lè fi sọ̀rọ̀ nípa ilé tí à ń gbé inú rẹ̀, irú èdè bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ kó kúrò nílé nìyẹn. Ìdí kejì tún wà tí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, n óò sì dé orí rẹ̀ níwájú: ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí ti di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí ní ilé bàbá bàbá mi ní Ìbàdàn.

Kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Fèrèsé ni ìwé ń pè é. Òun ni Bíbélì Mímọ́ lédè Yorùbá lò níbi tí Nóà ti ṣí ojú ọkọ̀ láti rán ẹyẹ jáde, òun náà sì ni àwọn onígbàgbọ́ ń lò bí wọ́n bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí fèrèsé ọ̀run fún wọn. Ní ìgboro, wíńdò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Fún irú èyí tí ó ní gíláàsì méjì, mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì pé kí ni àwọn yóò pè é. Ẹnì kan ní kí á pè é ní aláwẹ́ méjì, bí obì gbàǹja. Ó dára létí, ṣùgbọ́n fèrèsé tí ó ní ìlẹ̀kùn méjì, tí ọ̀kan ń ṣí sí ọ̀tún tí èkejì ń ṣí sí òsì, ni àwọn káfíńtà ń pè ní aláwẹ́ méjì, a óò sì ṣi ara wa lọ́nà. Ẹlòmíràn ní fèrèsé ìbejì. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Táyé àti Kẹ́hìndé lè lọ sí oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì padà wálé. Gíláàsì méjì tí à ń wí yìí kò lè pínyà láìbàjẹ́. Nítorí náà, onígíláàsì méjì ni n óò máa lò. Nígbà tí àwọn àgbà inú ẹ̀kọ́ wa gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣì ń dúró de àwọn tí yóò ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn ọmọ ọdún kìíní. Gíláàsì àti férémù tí ẹ óò máa rí nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àyálò. Èdè wa kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra wọn, kò sì gba kọ́ńsónáǹtì ní ìparí ọ̀rọ̀; fáwẹ̀lì ni ó ń wọ àárín wọn tí ó sì ń dí ẹ̀yìn wọn. Bí gíláàsì àti férémù ṣe di ọmọ ilé nìyẹn.

Ó yá, kí á lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀. Láti 1696 títí di 1851 ni ìjọba ibẹ̀ fi gba owó orí lórí fèrèsé. Bí fèrèsé ilé bá ṣe pọ̀ tó ni owó tí onílé yóò san ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn onílé kan fi bíríkì dí fèrèsé wọn pa kí owó náà lè dín kù. Àfi bí ẹni tí ó dí imú ara rẹ̀ nítorí owó afẹ́fẹ́! Lẹ́yìn tí wọ́n fi òpin sí owó orí yìí, wọ́n kọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ilé alápapọ̀ ògiri lẹ́bàá ara wọn ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó jọba láti 1837 títí di 1901. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham àti agbègbè rẹ̀. Fèrèsé ilé wọ̀nyí jẹ́ férémù pákó méjì tí ń lọ sókè sódò. Okùn ni wọ́n fi so férémù kọ̀ọ̀kan mọ́ irin wíwúwo kan tí ó fara pamọ́ sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí férémù má baà já lulẹ̀ bí a bá gbé e sókè. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, pákó ti sún kì, ọ̀dà ti lẹ apá kan pọ̀, apá kejì ti la ẹnu, afẹ́fẹ́ òtútù sì ń fọn fèrè láàárín rẹ̀ lóru.

Kí á tó lè mọ ohun tí gíláàsì kejì ń ṣe, ó yẹ kí á mọ ọ̀nà tí ooru ń gbà rìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ni fífarakàn. Bí a bá ki ṣíbí irin bọ inú ògì gbígbóná, láìpẹ́ ọwọ́ ṣíbí náà yóò gbóná, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ṣíbí kò kan ògì rárá. Ọmọrogùn onígi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí apá àwọn ìyá wa kì í fi í jó nídìí àmàlà. Èkejì ni ìṣàn. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè, èyí tí ó tutù a wá gba ipò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí èéfín iná igi fi ń wá àjà lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtànṣán. Ẹni tí ó bá jókòó níwájú iná a máa mọ ooru rẹ̀ lójú, àní bí afẹ́fẹ́ tútù bá tilẹ̀ ń fẹ́ lu iná náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ooru oòrùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Gíláàsì kan ṣoṣo kò lè dí ọ̀nà wọ̀nyí. Ó tín-ínrín, ooru inú ilé a sì gba inú rẹ̀ kọjá síta kíákíá. Afẹ́fẹ́ ni kì í gbé ooru dáadáa nípa fífarakàn, bí a bá lè mú un dúró sójú kan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n fi gíláàsì méjì há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Mo pè é ní afẹ́fẹ́ àhámọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín gíláàsì méjèèjì sábà máa ń tó mìlímítà 16. Bí àlàfo náà bá kéré jù, ooru yóò rọ́nà fò ó. Bí ó bá sì fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, èyí tí ó gbóná ń gòkè, èyí tí ó tutù ń sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ a sì bàjẹ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó yí etí gíláàsì méjèèjì ká nínú, èròjà tí ń fa omi mu sì wà nínú ọ̀pá náà kí ìrì má baà sẹ̀ sí àárín wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n óò fi oje dí gbogbo etí rẹ̀ pinpin. Lónìí, gáàsì tí a ń pè ní argon ni wọ́n sábà ń fi sí àlàfo náà dípò afẹ́fẹ́ lásán. Argon wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ooru tí ó ń gbé kọjá jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Fún ìtànṣán, wọ́n a fi irin bíi fàdákà kun ojú gíláàsì tí ó kọjú sí àlàfo, kíkùn náà sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ooru inú yàrá tí ó bá fẹ́ jáde, ó ń dá a padà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dídí nìyẹn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: ní 1865 ni Thomas Stetson ti gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fún ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi dáadáa àfi ìgbà tí mo mú bírò. Àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ní òǹkà kan tí wọ́n fi ń wọn bí ooru ṣe ń jò. Wọ́n a mú gíláàsì tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, wọ́n a sì béèrè pé wáàtì mélòó ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá bí inú ilé bá fi dígírì kan ṣoṣo gbóná ju ìta lọ. Fún gíláàsì kan, òǹkà náà tó 5 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Fún onígíláàsì méjì ti àkọ́kọ́, ó sún mọ́ 3. Láti 2022, 1.4 ni ìlànà ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe gbèdéke fún fèrèsé tí ènìyàn bá fi pààrọ̀ ti àtijọ́. Ó yá, kí á ní gbogbo fèrèsé ilé kan jẹ́ mítà 15 ní irú ìwọ̀n yìí, kí inú ilé jẹ́ dígírì 20, kí ìta jẹ́ dígírì 5. Dígírì 15 ni ó wà láàárín wọn. Fún gíláàsì kan, 5 lọ́nà 15 lọ́nà 15 jẹ́ wáàtì 1,125. Fún onígíláàsì méjì, 1.4 lọ́nà 15 lọ́nà 15 jẹ́ wáàtì 315. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ wáàtì 810. Bí ẹni tí ó tan áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ sílẹ̀ lójú fèrèsé ní gbogbo òru òtútù ni, tí kò sì lọ aṣọ kankan. Ẹni tí ó bá mọ iye tí wọ́n ń san lórí gáàsì àti iná mànàmáná níbẹ̀ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa èémí. Ilé tí kò jò mọ́ kì í mí mọ́. Nígbà tí fèrèsé àtijọ́ wà níbẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ni ó tutù jù nínú yàrá. Ooru omi tí ó jáde láti inú ìkòkò, láti inú ilé ìwẹ̀ àti láti ara aṣọ tí a sá sínú ilé a máa lọ bá gíláàsì náà, gíláàsì a sì máa làágùn. Ènìyàn a fi àkísà nù ún lówùúrọ̀, ó parí. Bí a bá wá pààrọ̀ fèrèsé, tí gíláàsì kò tutù mọ́, omi náà kò ní ṣàì wá ibòmíràn lọ. Kọ̀rọ̀ ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ń lọ, ibẹ̀ a sì bu dúdú dúdú. Àwa tí à ń se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, tí à ń ro àmàlà, tí à ń dín ata títí yóò fi gbẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹni tí ń fi búrẹ́dì tútù ṣe oúnjẹ alẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí fèrèsé tuntun fi sábà máa ń ní ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tí a lè ṣí tàbí pa. Mo gbọ́ pé àwọn ènìyàn wa kan ń fi pépà dí i nítorí òtútù. Kí wọ́n má ṣe é mọ́, nítorí ọmọ tí ó ní ikọ́ fée nínú ilé ni yóò jìyà rẹ̀.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo fèrèsé àtijọ́ ni ó yẹ ní yíyọ. A lè dí ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a lè pààrọ̀ okùn tí ó ti já, a lè fi gíláàsì kejì sí i láti inú láìfọwọ́ kan ti àtijọ́, a sì lè ta aṣọ fèrèsé tí ó nípọn. Fún ilé tí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìtàn rẹ̀, òfin kò tilẹ̀ gbà kí onílé yọ fèrèsé láìgba àṣẹ. Ohun mìíràn ni pé oje etí gíláàsì méjì kì í wà títí ayé. Bí ó bá ti ya, ìrì a wọ àárín, ojú gíláàsì a sì fọ́ bí ojú àgbà tí ó ní ẹbọ́ta. A kò lè nù ún láti inú, a kò lè nù ún láti ìta, àfi kí á ra gíláàsì mìíràn. Káfíńtà lè gé ibi tí ó jẹrà lára pákó kúrò kí ó fi òmíràn lẹ̀ ẹ́. Férémù oníke kò mọ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, kí á padà wálé. Àwọn ilé wa àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní fèrèsé. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, ẹ̀yìn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Àgbàlá ni ó wà láàárín, gbogbo yàrá kọjú sí i, ẹnu ọ̀nà ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà dé láti Brazil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ dunjú wà láàárín wọn. Àwọn ni wọ́n mú pẹ́tẹ́ẹ̀sì olójú fèrèsé rẹpẹtẹ gbilẹ̀ ní Èkó, àṣà náà sì tàn dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀ṣogbo. Fèrèsé onípákó ni wọ́n ń ṣe, òmíràn sì ní pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tò ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ wọlé tí òjò kò sì lè gbà. Ilé Olómi tí ẹbí Da Rocha ní àdúgbò Kakawa jẹ́ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Èkejì rẹ̀ ni Ilojo Bar ní Tinubu, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó lulẹ̀ ní 2016. Ilé, fèrèsé àti gbogbo rẹ̀, katakata ni ó di.

Bí ẹ bá sì dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wo àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ ní 1948. Òyìnbó ni wọ́n, wọn kò sì gbé fèrèsé ìlú wọn wá. Wọ́n dá ihò sára ògiri ilé-ìkàwé bí asẹ́, wọ́n sì mú kí afẹ́fẹ́ máa wọlé níhìn-ín kí ó máa jáde lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni lúfà gba ayé kan: gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí a ń fi ọwọ́ irin ṣí. Lúfà dára fún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n olè lè yọ gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìpariwo, eruku ọyẹ́ a sì máa wọlé kódà bí a bá tì í. Síláídì alumíníọ̀mù ni ó lé lúfà lọ. Ó ń dán, ó ní nẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n bí apá kan bá ṣí, ó di dandan kí apá kejì wà ní pípadé. Ìdajì fèrèsé ni onílé ń lò, gbogbo rẹ̀ ni ó sì sanwó fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti ilé wa nìyí. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé bàbá bàbá mi, fèrèsé méjìlá ni ó ní, pákó ìrókò sì ni gbogbo wọn. Ní ìpàdé ẹbí tí a ṣe lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kí a yọ gbogbo fèrèsé náà dànù, àwọn yóò fi owó onígíláàsì méjì ránṣẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ṣe é sí ilé àwọn, àwọn kò mọ òtútù mọ́.

Ìyá àgbà tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, "Àjàní ọmọ mi, o ṣeun, o ò ní rí ibi. Ṣùgbọ́n òtútù wo ló ń mú mi n'Íbàdàn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Yàrá ìyá àgbà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, ooru kì í sì jẹ́ kí wọ́n sùn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ fèrèsé wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kí yàrá náà dákẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, kí ìyá wọn lè sùn. Ta ni yóò rí àlébù nínú èyí? Wọ́n wá ní kí èmi tí mo wà ní yunifásítì wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹbí ní èdè tí gbogbo wọn yóò gbọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ohun tí ẹ ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo rò fún wọn ni pé ìṣirò Lọ́ńdọ̀nù kò ṣeé gbé wá sí Ìbàdàn bẹ́ẹ̀. Bí ìta bá jẹ́ dígírì 32 tí inú ilé sì jẹ́ 31, dígírì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, kò sí iṣẹ́ ńlá tí afẹ́fẹ́ àhámọ́ yóò rí ṣe. Òrùlé páànù àti ìtànṣán oòrùn tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé ni ó ń mú yàrá gbóná. Gíláàsì méjì lè dín ìtànṣán kù bí wọ́n bá fi kíkùn tí ó yẹ sí i, ṣùgbọ́n pákó onídagẹ̀rẹ̀ ti dá oòrùn dúró síta kí ó tó kan yàrá rárá, ó sì tún jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, tí inú ilé jẹ́ 24 tí ìta sì jẹ́ 33, onígíláàsì méjì wúlò gan-an nígbà náà. Ní ilé ìwòsàn tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tí iná kì í kú, tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, n kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, iná lè lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí ó má dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yàrá tí a dí pinpin, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì kú, kì í ṣe ibi tí mo fẹ́ kí ìyá àgbà mi sùn sí. Gíláàsì méjì yóò dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tì í nìkan ni.

Èyí tí mo dábàá ni pé kí a fi àjà tí ó nípọn sí abẹ́ páànù yàrá wọn, kí a tún fèrèsé onípákó méjèèjì tí ó wà níbẹ̀ ṣe, kí a kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn láti inú, kí a dá ihò afẹ́fẹ́ sókè ògiri tí ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn àgbà ilé sì lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ olè. Mo ní irin ìdènà olè ṣeé kàn mọ́ fèrèsé pákó náà bí ó ṣe ṣeé kàn mọ́ alumíníọ̀mù. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ooru yàrá kò bá dín kù títí ọyẹ́ yóò fi dé, àwọn yóò ṣe tàwọn. Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu nìyẹn.

Káfíńtà tí a pè jẹ́ àgbàlagbà, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ fún un pé ẹni tí ó ń ta alumíníọ̀mù fẹ́ bá wa kó pákó àtijọ́ náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ìrókò tí ó gbó báyìí, owó ńlá ni, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní orúkọ ohun gbogbo tí ó wà lára fèrèsé. Férémù, híńjì, bóòtì, ìṣó, gọ́ọ̀mù. Nínú gbogbo ohun tí ó dárúkọ, awẹ́, ìkọ́ àti ìṣó nìkan ni kò bá Òyìnbó wá. Fún pákó onídagẹ̀rẹ̀ náà, ó ní bàbá òun ní orúkọ tí ó ń pè é, ṣùgbọ́n òun kò rántí rẹ̀ mọ́; òun yóò bi ẹ̀gbọ́n òun tí ó wà ní Ìsẹ́yìn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ bá mi bi í.

Fèrèsé mẹ́wàá ni ó ní ó dára, híńjì nìkan ni wọ́n fẹ́. Méjì tí ó wà lẹ́yìn ilé ni omi òrùlé tí ń jò ti mú jẹrà nísàlẹ̀. Ó ti wọn àwọn yẹn, ó sì ti gba owó pákó. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ti yàrá ìyá àgbà àfi lẹ́yìn tí àwọn onípáànù bá ti kúrò lókè.